Iyọ̀ Dín, Adùn Ò Dín: Bí Èròjà Wàrà Ṣe Wọ Inú Sọ́sééjì Kan

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Sọ́sééjì tí wọ́n ń fi èéfín sí lára, tí wọ́n sì ń sè jinná kí wọ́n tó bó awọ rẹ̀, ni ọjà wọn. Iṣẹ́ tó dé bá wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: kí iyọ̀ inú rẹ̀ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ má sì mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn á parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì gbà wọ́n tó oṣù mẹ́rin. Wàrà ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù mẹ́rin náà: wọ́n kọ́kọ́ lò ó lódì, kí wọ́n tó wá mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń po 100 kg tẹ́lẹ̀ nìyí: ẹran tí kò lọ́ràá 50 kg, ọ̀rá ẹran 22 kg, yìnyín 22 kg, iyọ̀ 1.9 kg, iyọ̀ nitrite 250 g (nitrite inú rẹ̀ jẹ́ 6.25%), phosphate 350 g, ata àti èròjà olóòórùn 900 g, dextrose (irú ṣúgà kan) 600 g, sítáàṣì 2 kg. Iyọ̀ nitrite yẹn fúnra rẹ̀, iyọ̀ lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà gbogbo iyọ̀ inú àpòpọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 2.13%. Sódíọ̀mù tó ti ara iyọ̀ yìí wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 840 mg nínú 100 g sọ́sééjì. Tí wọ́n bá sọ 1.9 kg di 1.35 kg, gbogbo iyọ̀ á di nǹkan bí 1.58%, sódíọ̀mù rẹ̀ á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 620 mg. Ibẹ̀ ni wọ́n fojú sùn. Nitrite ni wọn kò fọwọ́ kàn rárá, ó dúró síbi 156 mg nínú kìlò kan àpòpọ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí pé ẹni tó bá ń dín iyọ̀ kù kò gbọdọ̀ tún máa dín nitrite kù lọ́jọ́ kan náà: àwọn méjèèjì ló jọ ń dí bakitéríà lọ́wọ́.

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kàn yọ iyọ̀ náà, kí wọ́n fi omi dí àlàfo rẹ̀. Sọ́sééjì náà tẹ́. Kì í ṣe iyọ̀ nìkan ló dín lẹ́nu. Òórùn èéfín fà sẹ́yìn, ata dúdú náà fà sẹ́yìn, torí pé iyọ̀ ló máa ń gbé àwọn adùn yòókù jáde, òun náà ló sì máa ń tẹ ìkorò mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí náílọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, omi jẹ́lì tín-ín-rín ti sun sí ìsàlẹ̀.

Ti jẹ́lì yẹn, wọ́n yanjú rẹ̀ láìra ohunkóhun, ọ̀nà tí wọ́n gbà sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Iyọ̀ ló ń fa purotéènì kan tó ń jẹ́ myosin jáde lára ẹran, myosin yìí ló ń bo ọ̀rá mọ́lẹ̀ tó sì ń di omi mú nígbà tí iná bá kàn án. Tẹ́lẹ̀, gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń dà pọ̀ sínú ẹ̀rọ alábọ́ tó ń gé ẹran kúnná. Ní báyìí wọ́n da iyọ̀, nitrite àti phosphate sórí ẹran tí kò lọ́ràá nìkan, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín náà. Iyọ̀ 1.58 kg nínú ohun tí kò pé 60 kg, nǹkan bí 2.7% nìyẹn. Ẹran náà kò mọ̀ pé wọ́n dín iyọ̀ kù. Wọ́n jẹ́ kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ yí i títí tó fi ń dán, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹ̀kọ tó jinná, kí ọ̀rá àti yìnyín tó kù tó wọlé. Jẹ́lì náà lọ. Adùn kò padà wá.

Wọ́n gbé potassium chloride 500 g wá, ìyẹn iyọ̀ tó ní pòtásíọ̀mù dípò sódíọ̀mù. Adùn iyọ̀ dé, ìkorò sì tẹ̀ lé e, irú èyí tó máa ń dúró sẹ́yìn ahọ́n bíi pé èèyàn lá irin. Nínú àwọn atọ́wò méjìlá tí wọ́n ní, ìkorò náà kò hàn sí àwọn kan rárá, àwọn mìíràn kò sì lè gbé e mì. Bí ahọ́n ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra lórí potassium chloride nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ nìkan tọ́ ọ wò kó wá pàṣẹ.

Ibẹ̀ ni wàrà ti wọlé. Wọ́n mọ̀ pé wàrà máa ń pẹ̀tù sí ìkorò, nítorí náà wọ́n ra wàrà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, wọ́n da 3 kg sínú 100 kg, wọ́n yọ sítáàṣì 2 kg kúrò, wọ́n sì dín yìnyín kù ní 1 kg.

Ìdánwò yìí ló yẹ ká dúró lé lórí, torí pé ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì máa ń pe ohun tó fà á: "wàrà kò bá ẹran mu." Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú wàrà lẹ́búlẹ́bú yẹn, lactose, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, tó ìlàjì. Purotéènì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, casein ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kálísíọ̀mù inú 3 kg náà súnmọ́ 37 g. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n rà lórúkọ ẹyọ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lactose ṣe dáadáa lẹ́nu: ìkorò náà rọlẹ̀, adùn sọ́sééjì sì kún ẹnu. Casein kò ṣe dáadáa. Purotéènì wàrà máa ń di àwọn èròjà olóòórùn mú, pàápàá àwọn phenol tí èéfín fi ń ta sánsán àti àwọn aldehyde inú ata àti èròjà olóòórùn. Wọn kò sọnù o, wọ́n wà nínú sọ́sééjì, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò níbi tí wọ́n dè wọ́n mọ́ kí wọ́n dé imú ẹni tó ń jẹun. Sọ́sééjì wá ní adùn tó rọ̀, tó sì tutù, bíi pé wọ́n fi aṣọ bo èéfín rẹ̀. Kálísíọ̀mù ní tirẹ̀ lọ bá phosphate. Phosphate tó yẹ kó ran ẹran lọ́wọ́ láti di omi mú, kálísíọ̀mù gbá apá kan mú nínú rẹ̀, ìdè náà sì rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe wàrà fún iṣẹ́ ẹran fi ní irú kan tí wọ́n ti dín kálísíọ̀mù rẹ̀ kù. Ẹni tó bá fẹ́ fi wàrà lẹ́búlẹ́bú di ẹran, irú yẹn ni kó béèrè.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ ti ọwọ́ ènìyàn pátápátá. Pẹ̀lú ẹran àti iyọ̀ ni wọ́n da wàrà náà sínú ẹ̀rọ. Wàrà gbígbẹ ń pòǹgbẹ omi. Ó mu yìnyín àkọ́kọ́ tó yẹ kó tú iyọ̀ fún ẹran, myosin kò sì jáde tó. Tí èèyàn bá tẹ àpòpọ̀ náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń fọ́ bí ìyẹ̀fun tí omi rẹ̀ kò tó, kò dán, kò sì fà. Ẹni tó mọ ẹran á ti rí i níbẹ̀ pé kò ní dára, láì dúró de iyàrá èéfín.

Kí wọ́n tó jáwọ́ lórí ọ̀nà yìí, wọ́n fi ìpò kékeré 10 kg gbìyànjú purotéènì alágbára (80%) tó wá láti inú whey, omi tó ń ṣẹ́kù lára chíìsì, dípò wàrà, pẹ̀lú ìrètí pé yóò tún ìdè ṣe. Kò ṣe púpọ̀. Sọ́sééjì wọn kì í gbóná ju 72°C lọ ní àárín, purotéènì whey kò sì tíì dì dáadáa níbẹ̀. Fún ohun tí wọ́n ń sè dé 80°C, ọ̀rọ̀ náà lè yàtọ̀. Caseinate, ìyẹn casein tí wọ́n ti ṣe kó lè tú nínú omi, ni ẹnìkan tún dárúkọ, wọn kò sì dán an wò: ó mọ ọ̀rá dì gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò ní wàhálà ọ̀rá mọ́.

Ìyípadà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dúró, tí wọ́n sì kọ ọ́ sórí pátákó ibi iṣẹ́: kí ni a fẹ́ kí wàrà ṣe fún wa? Ìdáhùn rẹ̀ kúrú. Kó gbé iyọ̀ ró lẹ́nu, kó sì bo ìkorò potassium chloride. Ìdè kò sí níbẹ̀, torí pé wọ́n ti rí ìdè gbà lọ́wọ́ ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà gé ẹran. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni casein ń wá? Láti ìgbà yẹn, èròjà wàrà tí purotéènì rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọ́n ń wá, orúkọ rẹ̀ sì ni permeate.

Nígbà tí wọ́n bá ṣe chíìsì, omi tó ṣẹ́kù ni whey. Tí wọ́n bá sẹ́ purotéènì kúrò lára whey, ohun tó bá gba inú asẹ́ kọjá, tí wọ́n gbẹ di lẹ́búlẹ́bú, ni permeate. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ ti àgbáyé, tó jáde ní 2017 sọ pé lactose rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 76%, eérú rẹ̀ (ohun tó máa ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá jó o) kò sì gbọdọ̀ ju 14% lọ. Inú eérú yẹn ni adùn iyọ̀ rẹ̀ wà: pòtásíọ̀mù, sódíọ̀mù díẹ̀, kálísíọ̀mù àti àwọn èròjà mìíràn, pẹ̀lú àwọn ohun kékeré bíi urea tí asẹ́ kò dí lọ́nà. Gbogbo wọn para pọ̀ ń fún ahọ́n ní ohun tó jọ iyọ̀. Kálísíọ̀mù rẹ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ lò kéré, wọn kò sì ní fi í síwájú phosphate.

Ìṣirò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì níbí. Permeate tó nǹkan bí 10 sí 11 kg ló ń ṣe iṣẹ́ iyọ̀ 1 kg lẹ́nu. Iyọ̀ tí ilé iṣẹ́ yìí yọ jẹ́ 550 g. Tí wọ́n bá fẹ́ kí permeate nìkan dí àlàfo yẹn, á tó 5.5 kg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 kg, lactose rẹ̀ á sì lé ní 4%. Sọ́sééjì tó ń dùn bí bisikíìtì nìyẹn, tó sì máa dúdú nínú páànù kí inú rẹ̀ tó gbóná. Nítorí náà wọ́n lo 1.5 kg, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ nǹkan bí 140 g iyọ̀ ni yóò ṣe. Wọ́n dá potassium chloride padà, àmọ́ 200 g péré. Ní ìwọ̀n yìí, pẹ̀lú lactose lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkorò náà kò hàn mọ́ sí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn atọ́wò.

Dextrose 600 g ni wọ́n yọ kúrò pátápátá lọ́jọ́ yẹn, ìgbésẹ̀ náà sì ran wọ́n lọ́wọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Lactose kò dùn púpọ̀, adùn rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú márùn-ún tàbí mẹ́fà ti ṣúgà ìrèké. Dextrose dùn jù ú lọ dáadáa, adùn ṣúgà sì máa ń bo iyọ̀ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú un kúrò, iyọ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ gbérí. Ó tún dá sọ́sééjì náà sílẹ̀ nínú páànù. Nígbà tí wàrà lẹ́búlẹ́bú 3 kg àti dextrose jọ wà, ara sọ́sééjì máa ń dúdú bí èédú nínú òróró 175°C láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí pé lactose àti dextrose jọ máa ń bá purotéènì ẹran jà nínú ooru tí wọ́n sì ń di àwọ̀ dúdú. Nígbà tó ku lactose kékeré inú permeate nìkan, àwọ̀ rẹ̀ wá pọ́n bí ó ṣe yẹ kó pọ́n.

Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn kan ni pé lactose lè di yanrìn lẹ́nu. Níbí kò lè ṣẹlẹ̀. Lactose tó wà nínú 1.5 kg permeate kò ju nǹkan bí 1.2 kg lọ, omi tó wà nínú 100 kg sọ́sééjì sì súnmọ́ 60 kg. Ìyẹn 2 g nínú 100 g omi, bẹ́ẹ̀ inú fíríìjì pàápàá omi lè tú tó 12 g. Sọ́sééjì gbígbẹ tí omi rẹ̀ ti lọ ni kí èèyàn bẹ̀rù rẹ̀ fún. Ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ni àpò permeate tí wọ́n ṣí sílẹ̀: ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń dì bí òkúta. Àpò kejì tí wọ́n rà bá wọn báyẹn nítorí pé ẹnìkan fi sílẹ̀ ní ṣíṣí di ọjọ́ kejì nítòsí ibi tí wọ́n ti ń da omi gbígbóná fọ ẹ̀rọ. Àwọn kókó rẹ̀ kò tú nínú àpòpọ̀ tó tutù, wọ́n sì hàn bí àmì funfun nígbà tí wọ́n la sọ́sééjì.

Ó ṣì ku ohun kan lẹ́nu. Sọ́sééjì náà ní iyọ̀ tó, kò korò, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti gbé e mì tán, adùn rẹ̀ ti lọ. Adùn ẹran tó máa ń pẹ́ lẹ́nu, tí glutamate àti àwọn ègé purotéènì kéékèèké máa ń fúnni, kò tó. Wọ́n wá lo chíìsì lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi enzyme mú gbó kíákíá. Irú chíìsì yìí ní glutamate, àwọn ègé purotéènì, àti àwọn àsíìdì ọ̀rá kúkúrú bíi butyric, tó jẹ́ òórùn chíìsì gan-an.

Wọ́n po mẹ́ta: 0.2%, 0.35% àti 0.5%. Wọ́n gé e, wọ́n tọ́ ọ wò ní tútù bó ṣe ti inú fíríìjì jáde, 0.5% ló gbégbá orókè. Ẹnu gbogbo wọn kò. Wọ́n ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bó awọ tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú èyí tó kù gbóná kí òun jẹ ẹ́. Bí ó ṣe gbé ìdérí ìkòkò kúrò, òórùn ewúrẹ́ kún ilé. Àwọn àsíìdì kúkúrú yẹn máa ń dákẹ́ nínú ọ̀rá tútù, ooru ló ń lé wọn jáde. Lóòru, 0.35% ṣì ń rùn díẹ̀. 0.2% ni kò rùn rárá: kò sí ẹni tó dárúkọ chíìsì, ṣùgbọ́n wọ́n ní sọ́sééjì náà "lẹ́ran nínú." Òṣùwọ̀n tí wọ́n mú láti ìgbà yẹn kò ṣòro rántí. Tí ẹni tó tọ́ ọ wò bá lè pe orúkọ èròjà wàrà náà, ó ti pọ̀ jù. Gbogbo ìtọ́wò wọn láti ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ní tútù àti ní gbígbóná, bí oníbàárà ṣe máa jẹ ẹ́.

Wọ́n wá fi tuntun dojú kọ ti àtijọ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan gba ègé mẹ́ta pẹ̀lú nọ́ńbà olóókan mẹ́ta lórí àwo, méjì jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n wá tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀. Pẹ̀lú atọ́wò méjìlá, ó kéré tán mẹ́jọ ló gbọ́dọ̀ gbà á kí èèyàn tó lè sọ pé ìyàtọ̀ wà lóòótọ́. Márùn-ún ló gbà á. Inú wọn dùn, ó sì tọ́ sí wọn, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi èyí sọ pé ìyàtọ̀ kò sí rárá. Atọ́wò méjìlá kéré fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ fún wọn ni pé ìyàtọ̀ náà kò tóbi.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù kò tíì dé nígbà yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta nínú fíríìjì, náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀, omi inú wọn funfun bí omi ògì, sọ́sééjì sì kan. Kò sí ẹni tí kò kọ́kọ́ dá permeate lẹ́bi: ṣúgà ni, bakitéríà tó ń sọ ṣúgà di àsíìdì sì fẹ́ràn ṣúgà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ dextrose tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ náà ṣúgà ni, àwọn bakitéríà yìí sì máa ń jẹ ẹ́ ju lactose lọ. Bí ṣúgà nìkan bá ni, sọ́sééjì àtijọ́ ni ì bá kọ́kọ́ kan.

Wọ́n ṣe ìṣirò iyọ̀ lórí omi, ibẹ̀ sì ni ohun tó ń wú náílọ́ọ̀nù ti hàn. Bakitéríà inú omi ni ó ń gbé, nítorí náà iyọ̀ tó ń bá a jà ni èyí tó wà nínú omi sọ́sééjì. Pẹ̀lú omi tó jẹ́ nǹkan bí 60%, 2.13% iyọ̀ ń fúnni ní 3.4% nínú omi náà; 1.58% ń fúnni ní 2.6% péré. Odi tó ń dáàbò bo sọ́sééjì ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fi ọjọ́ àtijọ́ sí ara lébẹ́ẹ̀lì. Bakitéríà náà fúnra rẹ̀ kò wá láti inú wàrà. Ooru 72°C á ti pa á. Lẹ́yìn sísè ló wọlé, láti ara ẹ̀rọ tó ń bó awọ: nígbà tí wọ́n tú u palẹ̀, ọ̀rá àti ẹran ti gbẹ mọ́ ìdí ọ̀bẹ rẹ̀, níbi tí fọ́ọ̀mù ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ kì í dé.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ ìbóawọ náà ni wọ́n ń tú fọ lójoojúmọ́. Wọ́n fi potassium lactate olómi (60%) 2.25 kg sínú 100 kg láti fa ọwọ́ bakitéríà sẹ́yìn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ti pòtásíọ̀mù kí sódíọ̀mù má bàa gba ẹ̀yìn padà. Wọ́n sì dín ọjọ́ tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì kù títí ìdánwò inú fíríìjì fi fi hàn pé ó tó gùn. Kò sí ẹni tó yẹ kó dín iyọ̀ ẹran sísè tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ náílọ́ọ̀nù rẹ̀ kù láìtún ọjọ́ rẹ̀ dán wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, àwọn bakitéríà tó burú ju èyí tó ń kan lọ lè dàgbà, iyọ̀ àti nitrite ló sì jọ ń dí wọn lọ́wọ́. Pòtásíọ̀mù tó pọ̀ sí i náà kò gbọdọ̀ farapamọ́: ẹni tí kídìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá ní láti rí i kà lára lébẹ́ẹ̀lì.

Bí wọ́n ṣe ń po 100 kg báyìí nìyí: ẹran tí kò lọ́ràá 50 kg, ọ̀rá 22 kg, yìnyín 19 kg (wọ́n dín in kù láti fi ààyè fún permeate àti lactate), iyọ̀ 1.35 kg, iyọ̀ nitrite 250 g, potassium chloride 200 g, phosphate 350 g, permeate 1.5 kg, chíìsì lẹ́búlẹ́bú 200 g, lactate 2.25 kg, ata àti èròjà olóòórùn 900 g, sítáàṣì 2 kg. Ẹran tí kò lọ́ràá, iyọ̀, potassium chloride, nitrite, phosphate àti ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín ló ń kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni ọ̀rá, ata, lactate àti ìdajì yìnyín tó kù á tẹ̀ lé e. Permeate, chíìsì àti sítáàṣì ló ń wọlé kẹ́yìn pẹ̀lú yìnyín tó ṣẹ́kù, ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí àpòpọ̀ gbóná ju 12°C lọ. Nínú iyàrá èéfín, wọ́n ń gbẹ ara rẹ̀ ní 55°C, wọ́n ń ta èéfín sí i ní 65°C, wọ́n sì ń sè é ní 78°C títí tẹmómítà tí wọ́n gún sí àárín rẹ̀ fi ka 72°C, kí wọ́n tó da omi tútù sí i. Sódíọ̀mù inú permeate àti inú chíìsì, kékeré ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á mọ́ ìyókù nígbà tí wọ́n bá ń kọ lébẹ́ẹ̀lì. Ti phosphate náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ kó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò ní í ṣe pẹ̀lú adùn. Ilé iṣẹ́ náà tún ń ṣe sọ́sééjì mìíràn tí kò ní wàrà kankan. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń dán chíìsì wò, abọ́ kan tí àwọn sọ́sééjì tó bẹ́ kún inú rẹ̀ wà nínú fíríìjì láìní àmì lára. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹnìkan gbé e láti pò ó mọ́ ti ọjọ́ kejì. Àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló mú kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ béèrè ohun tó jẹ́. Ká ní kò béèrè ni, wàrà ì bá dé àwo ẹni tí wàrà lè pa, lábẹ́ lébẹ́ẹ̀lì tí kò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba purotéènì wàrà kò nílò ju díẹ̀ lọ kí ọ̀fun rẹ̀ tó wú, permeate pàápàá sì ń gbé ìwọ̀nba purotéènì kékeré kan dání.

Nísinsìnyí abọ́ tó ní wàrà pupa ni, ti àwọn yòókù funfun. Sọ́sééjì tí kò ní wàrà ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀, èyí tó ní wàrà ni wọ́n ń ṣe kẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì jẹ́ fífọ̀ tán, wọ́n á ti fi ìdánwò purotéènì wàrà yẹ̀ ẹ́ wò, kí àárọ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ohun tó bá bẹ́ nínú sọ́sééjì oníwàrà kì í wọ inú ohun mìíràn ju sọ́sééjì oníwàrà lọ, ọjọ́ àti orúkọ àpòpọ̀ tó ti wá sì gbọ́dọ̀ wà lára abọ́ náà. Abọ́ tí kò bá ní àkọlé, kòtò ìdalẹ̀nù ló ń lọ, bó ti wù kí ẹran inú rẹ̀ dára tó.